Pákó Pósí Bàbá

Àwọn àgbàlagbà kan wà ní Oǹdó tí kì í dúró de pósí tí ọmọ yóò rà fún wọn. Bàbá Adébùsóyè wà lára wọn. Igi ìrókò kan wà nínú oko kòkó rẹ̀. Ó gé e, ó là á, ó sì kó pákó rẹ̀ sí àjà ilé kó máa gbẹ de ọjọ́ tí òun náà yóò sùn sínú rẹ̀. Ó ki irin bọná, ó sì fi tẹ àmì àpò kòkó rẹ̀ sára pákó kọ̀ọ̀kan: ìlà méjì tó dábùú ara wọn, pẹ̀lú òrùka kékeré lókè. Ó ní ẹni tó bá jí i, ibi tó bá gbé e dé ni àṣírí rẹ̀ yóò ti tú.

Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ìwé ló sì kún ilé rẹ̀ dẹ́nu. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Olúgbénga ni àgbà, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Monílọ́lá ni àbúrò, olùkọ́ ni, òun ló sì ń bá bàbá gbé nílé.

Bàbá ní, "Ẹ má fi pákó yẹn sin mí mọ́. Ilẹ̀ ò ní mọyì ẹ̀. Ẹ fi ṣe pẹpẹ ìwé sí yàrá iwájú, kí àwọn ọmọ àdúgbò máa wá kàwé níbẹ̀. Ìwé wúwo. Pákó jákujàku á tẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn ò ní tẹ̀."

Olúgbénga di ọwọ́ bàbá mú. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ọwọ́ mi ló wà."

Bí wọ́n ṣe fi pósí olówó pọ́ọ́kú kan sin ọ̀gá ilé ìwé nìyẹn. Àwọn èèyàn wo pósí náà, wọ́n wo ojú àwọn ọmọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Monílọ́lá gbọ́ wọn, kò sì dùn ún rárá, torí ó mọ ibi tí pákó gidi wà àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Olúgbénga gbé ọkọ̀ wá, ó kó pákó lọ sí Àkúrẹ́. Ó ní káfíńtà òun níbẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọn kò ní l'Óǹdó. Nígbà tí pẹpẹ dé, ó dúdú, ó ń dán bí bàtà ọjọ́ Àìkú. Monílọ́lá sunkún ayọ̀. Ó fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó o."

"Má fomi nù ún o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "má sì máa tú u kiri. Bó ṣe wà yẹn ni kó o fi í sí."

Ó fi í sí bó ṣe wà. Ó to ìwé sí i, àwọn ọmọ àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọyẹ́ kò tíì dé tí pẹpẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láàárín. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni. Nígbà tó di pé pẹ́ńsù tó bá fi sí igun kan ń yí wá sáàárín fúnra rẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Mọní, kí lo kó lé e lórí? Bíbélì ńláńlá yẹn àti ìwé atúmọ̀ èdè, ojú kan náà lo kó gbogbo ẹ̀ sí? Ẹ̀gbẹ́ ni ìwé tó wúwo ń gbé, lẹ́bàá òpó. Àwọn tó fúyẹ́ ni kó o tò sáàárín."

Ìmọ̀ràn gidi ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Monílọ́lá tún gbogbo rẹ̀ tò. Pẹpẹ kò gbọ́, ó ń tẹ̀ lọ. Ó wá ra igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti kàn án mọ́ abẹ́ rẹ̀ níwájú, kó lè gbé e ró. Ìṣó wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni gún iṣu sísè, ìyẹ̀fun sì dà sílẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá ti fura. Ṣùgbọ́n ta ló ń fura sí ọmọ ìyá ẹni? Kòkòrò ló rò pé ó jẹ ẹ́. Ó ní yàrá ni òun kò ṣí fèrèsé rẹ̀ tó, ó ní òun ni òun jẹ́ kí ọ̀rinrin wọ ìrókò bàbá òun. Ó ra oògùn kòkòrò, ó fọ́n ọn títí ó fi ń wúkọ́, ó sì tún pe Olúgbénga láti jẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Nǹkan kan ṣoṣo tí Bàbá fà lé wa lọ́wọ́ náà lo wá bà jẹ́ yẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Monílọ́lá lára ju àìsàn lọ. Kí pẹpẹ lè sinmi, ó kó àwọn ìwé tó wúwo sínú páálí, ó tò wọ́n sílẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, ikán sì gba ìsàlẹ̀ páálí wọlé. Nígbà tó fi máa ṣí i, Bíbélì tí bàbá fi pẹ́ńsù kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí etí ewé rẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ti di erùpẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn nìkan ló kù. Ó ti yàrá pa, ó ní kí àwọn ọmọ máa lọ ilé ná.

Ó wá di dandan kó lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ru iṣu, ó wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́. Wọ́n ń tẹ́ òkúta sí iwájú ilé Olúgbénga lọ́jọ́ náà, ìyẹ̀fun rẹ̀ bo gbogbo ẹnu ọ̀nà. Inú ìyẹ̀fun yẹn ni Monílọ́lá kúnlẹ̀ sí.

"Bọ̀dá mi, ẹ forí jì mí. Mo ti ba nǹkan Bàbá jẹ́."

Olúgbénga ní, "Dìde. Ó ti tán, mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n máa tọ́jú nǹkan, Mọní."

"Ẹ ṣé, bọ̀dá mi." Ara rẹ̀ fúyẹ́ ní tòótọ́.

Fọlákẹ́mi, ìyàwó Olúgbénga, gbé iyán sórí tábìlì gígùn tuntun kan. Odidi páálí omi wà lórí rẹ̀, kúlà ńlá wà níbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì mira. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ pẹpẹ ti bẹ̀rẹ̀, Monílọ́lá kò lè rí pákó kó má fọwọ́ wá abẹ́ rẹ̀, kó lè mọ ohun tí wọ́n fi gbé e ró. Bó ṣe ń fọwọ́ ọ̀tún jẹun, ó na ọwọ́ òsì sábẹ́ tábìlì.

Kò bá igi kankan níbẹ̀. Ojú ibi tí iná ti jó ni ìka rẹ̀ bá. Ìlà kan. Ìlà kejì tó dábùú rẹ̀. Òrùka kékeré lókè.

Ó fi òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bọ̀dá, tábìlì yìí dára o. Igi kí ni?"

"Ìrókò ni. Ìta-Ògbólú ni wọ́n ti bá mi rà á." Ọbẹ̀ ló ń wò, kò wo àbúrò rẹ̀.

Monílọ́lá di ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó fà á wọ abẹ́ tábìlì, ó sì gbé e lé àmì náà. Fọlákẹ́mi dìde, ó lọ bu omi tí ẹnì kankan kò béèrè.

"Pẹpẹ yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ṣe é?" ni Monílọ́lá bi í.

"Bọ́ọ̀dù ni. Ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Gbogbo ayé ló ń lò ó, Mọní. Ìwé lásánlàsàn, ta ló tún ń kàwé báyìí?"

"Mo sọ fún yín pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́, ẹ sì jẹ́ kí n máa fọ́n oògùn."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

"Bàbá yọ pákó yẹn kúrò lára pósí ara wọn. Ẹ̀yin náà mọ irú pósí tá a fi sin wọ́n."

"Mo mọ̀," ni Olúgbénga wí. "Èmi ni mo rà á."

Bí ẹni ń sọ ẹni tó ra búrẹ́dì ló ṣe sọ ọ́. Monílọ́lá fọ ọwọ́ rẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Wọ́n ń pè é lẹ́yìn, ó ń lọ.

Inú ọkọ̀ tó ń padà sí Oǹdó ló ti wo ìró rẹ̀, ó sì rí ìyẹ̀fun òkúta funfun ní eékún rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti mọ ìyẹn báyìí, ó sì lè pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tábìlì ló ń ta á lọ́kàn, kì í tilẹ̀ ṣe Bíbélì bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ẹni tó yẹ kó gbé e dìde jẹ́ kó kúnlẹ̀, ó gba ẹ̀bẹ̀ náà, ó sì ní òun dárí jì í.

Ó gbọn ìró náà títí ọkọ̀ fi dé Oǹdó. Ìyẹ̀fun náà kò kúrò tán.