Àlejò Orí Bẹ́ńṣì

"Àlejò dé o!"

Bí ohùn Màmá ṣe dún láti iwájú ṣọ́ọ̀bù, Ìyàwó Tuntun fi aṣọ ibùsùn tó ń lọ̀ lọ́wọ́ sílẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú. Ìyálé rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà sanra, àmọ́ bí wọ́n bá ti pe àlejò báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yá ju ti ọmọ ogún ọdún lọ. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ kọjá, wọ́n mú báàgì wọn lórí ìṣó, wọ́n sì lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Ìyálé fa fóònù yọ. Ìyàwó Tuntun gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Kí èèyàn tó ka ogún, òṣìṣẹ́ méjì ti di obìnrin méjì tó yà kí ìyá ọkọ wọn.

Ilé iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni. Aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura àti ẹ̀wù funfun àwọn dókítà ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Bàbá ọkọ wọn ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti di ọmọ onílùú nílẹ̀ àjèjì tí wọ́n ń gbé. Nígbà tó kú, Màmá gbà á. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó aṣọ lọ, tó sì ń kó o bọ̀. Àwọn ìyàwó tí wọ́n lọ fẹ́ wá láti ilé ló ń fọ̀, àwọn ló ń sá, àwọn ló ń lọ̀, àwọn náà ló ń ká a. Ọdún keje rèé tí ìyàwó èyí àbúrò ti dé, Ìyàwó Tuntun ni wọ́n ṣì ń pè é. Kò sí ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tó lè gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ni Màmá ti pè é jókòó.

"Ọmọ mi, ìwé tí wọ́n fún ọ yìí, ìwé ìyàwó ni, kì í ṣe ìwé iṣẹ́. Bí ìjọba bá bá aṣọ oníbàárà lọ́wọ́ rẹ, inú bàálù ni wọ́n máa gbé ọ sí. Àmọ́ èèyàn kì í káwọ́ gbera nílé ọkọ. Bí àlejò bá dé, jókòó. Bí wọ́n bá lọ, dìde."

Màmá gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí irin pẹ̀lú ti ìyálé rẹ̀, kó má baà sọnù. Ìyàwó Tuntun dúpẹ́. Ó tiẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ ni.

Àlejò ọjọ́ náà kì í ṣe ẹni tuntun. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ibi iṣẹ́ wò, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló máa ń wá. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo wáyà iná, ó ní èèyàn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Màmá ní ọmọ òun méjèèjì ni. Aláyẹ̀wò wo òkìtì aṣọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ó wo Màmá. Ó wá bá àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì.

"Ẹ kú ìjókòó. Ṣé ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbí?"

"Rárá o," Ìyálé dáhùn. "A kàn wá kí Màmá ni."

"Ẹ bá mi buwọ́ lu ohun tí mo kọ yìí, kí ẹ sì fi káàdì yín hàn mí."

Káàdì Ìyálé wà nínú àpótí. Màmá sáré lọ mú un. Ti Ìyàwó Tuntun wà nínú báàgì rẹ̀, nítorí ọjọ́ yẹn ló fẹ́ lọ gba tuntun. Aláyẹ̀wò yí i wò síwá sẹ́yìn.

"Ẹ ò tíì ríṣẹ́ ni? Ó mà ti pẹ́ tí ìwé yín ti gbà yín láyè."

"Láyè kí ni, mà?"

"Láti ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ yìí. Ìyàwó ọmọ onílùú lè ṣiṣẹ́ níbikíbi, láti ọjọ́ tó bá ti wọlé."

Màmá wúkọ́. Ìyálé tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, fóònù tí iná rẹ̀ ti kú láti àárọ̀.

Ìyàwó Tuntun rò pé òun máa bínú, àmọ́ ìbínú ò wá. Bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo inú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wá sí i lọ́kàn: ọmọ mi.

Opó ni kó tó fẹ́ ọkọ yìí, ó sì ti bí ọmọbìnrin kan fún olóògbé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọmọ náà nígbà tó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ nílé. Òfin ìlú náà ò lọ́jú pọ̀: ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún lè wá bá ìyá rẹ̀, bí àkọsílẹ̀ bá wà pé ìyá náà ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, ó kéré tán. "Bí ìwé rẹ bá ti gbà ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ báyìí," ni ọkọ rẹ̀ máa ń wí, "a máa mú un wá." Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún àti oṣù mẹ́sàn-án.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ jókòó, ó ń tú okùn bàtà.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé mo lè ṣiṣẹ́?" ló bi í.

Ọkùnrin náà pẹ́ lórí okùn bàtà ọ̀hún ju bó ṣe yẹ lọ. "Mo mọ̀. Àmọ́ ta ní ń forúkọ ìyàwó ilé sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́? Òfin wọn pọ̀ jù: wákàtí iṣẹ́ ni o, ìsinmi ni o. Bí mo bá fọ abọ́ nílé yìí, ṣé ìjọba ló máa wá kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ẹ kì í fọ abọ́," ni Ìyàwó Tuntun wí. Kò fi pẹ̀gàn rárá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń tọrọ, pé òun ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún méje. Màmá ò pariwo. Ẹkún ló ń sun, ẹkún náà sì jẹ́ òótọ́, ìyẹn ló burú níbẹ̀.

"Ọdún méje? Wọ́n á ní níbo ni mo kọ ọdún méje sí. Wọ́n á ti ibí yìí pa. Ṣé o fẹ́ fọwọ́ òsì júwe ilé baba ọkọ rẹ ni? Mo máa kọ ọ́ láti òní lọ, ọmọ mi. Agbára mi ò kọjá ìyẹn."

Láti òní lọ. Ọdún kan sí òní, ọmọ náà á ti fi oṣù mẹ́sàn-án ju ọdún méjìdínlógún lọ.

Ó tọrọ àyè ìdajì ọjọ́, ó sì gba ọ́fíìsì aláyẹ̀wò lọ. Obìnrin náà gbé fáìlì kan sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó sì ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mẹ́tàlá. Níbi gbogbo, ohun kan náà ló wà níbẹ̀: Àlejò. Ó ní òun kì í ṣiṣẹ́ níbí. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìbuwọ́lù Ìyàwó Tuntun wà, tó mọ́, tó gún régé. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Òun ti fi ẹnu kọ ọ́ nígbà mẹ́tàlá, ó sì ti buwọ́ lù ú.

"Mo máa ń wo ọwọ́ yín," ni aláyẹ̀wò wí.

Ìyàwó Tuntun náà wò ó. Àpá iná ẹ̀rọ ìlọṣọ wà níbẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, èyí tó ti pẹ́ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná.

"Àmọ́ ohun tí ẹnu bá sọ ni wọ́n ní ká kọ, wọn ò ní ká kọ ohun tá a rò. Mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì máa tó ọdún méjì kó tó parí. Ṣé ẹnì kan wà tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí yín báyìí?"

"Ìyálé mi. Ojoojúmọ́ la jọ wà."

Aláyẹ̀wò fa fáìlì náà mọ́ra, ó lọ sí apá ibi tó nípọn jù. Ìyálé ti lo ọdún mẹ́rìnlá níbẹ̀. Ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti jẹ́ àlejò.

"Ẹni tí kò sí níbẹ̀," ló wí wẹ́rẹ́, "báwo ló ṣe máa jẹ́rìí pé ẹ wà níbẹ̀?"

Ìyàwó Tuntun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Níbo ni ì bá tún lọ? Aṣọ ti ga níwájú ẹ̀rọ, Ìyálé ló sì ń dá a ṣe láti àárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ náà pé ọdún méjìdínlógún. Igba aṣọ ibùsùn ni ìyá rẹ̀ lọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń dúró de ẹkún, ẹkún ò wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọmọ pè, ní ọ̀sán gangan. Ìyàwó Tuntun há fóònù sáàárín etí àti èjìká, ó ń ká aṣọ lọ.

"Màmi! Mò ń bọ̀ o!"

"Níbo?"

"Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀! Ṣé ìyá ọkọ yín ò tíì sọ fún yín ni? Àwọn ló pe Ìyá Àgbà. Wọ́n ní àánú yín ń ṣe àwọn. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ń wá ìyàwó. A ti ń sọ̀rọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ní ìwé ti ìyàwó ò ní wàhálà rárá."

Ìyàwó Tuntun gbójú sókè. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, Màmá rí i tó gbé fóònù sétí. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì juwọ́, bí ẹni tó ṣe oore tí kò fẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti gbà?"

"Mo ti buwọ́ lu ìwé ìgbéyàwó lánàá. Ìyá Àgbà ń jó kiri ilé."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ní o máa ṣe?"

"Iṣẹ́ kẹ̀? Màmi, ìyàwó ni mo fẹ́ lọ jẹ́ o."

Ó wá ọ̀rọ̀ tó lè fi dá a dúró. Àmọ́ fún odidi ọdún méje, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún ọmọ náà lórí fóònù pé ara òun le, pé òun kàn ń jayé orí òun nílé ọkọ. Ta ló máa gba òmíràn gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lónìí?

"Màmi? Ẹ wúre fún mi ná."

Ó fi aṣọ sílẹ̀. "Ilé ọkọ á tù ọ́."

"Àmín."

"Ẹsẹ̀ rẹ á mú ire wọlé."

"Àmín, Màmi."

"Ibi tí o bá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé o wà níbẹ̀."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Irú àdúrà wo tún nìyẹn?"

Ó ń rẹ́rìn-ín lọ títí fóònù fi já. Kò ṣe àmín sí ìyẹn.