Ìjókòó Iwájú

"Ẹni mẹ́rin péré," awakọ̀ takisí náà wí, ó sì na ìka mẹ́rin sókè kó lè yé wọn.

Àwọn márùn-ún ló dúró síwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin: Ìyá Ìbejì, ọkọ rẹ̀, àwọn ìbejì tí wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti Màmá, ìyá ọkọ, tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn débi pé wọ́n ń fà á lọ́wọ́ ni. Nítorí ojú yẹn ni wọ́n ṣe wá sí ìlú ńlá tí wọn ò ti mọ ẹnì kankan. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi retí rẹ̀, bí wọ́n bá sì pẹ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé wọlé.

"Ẹ jẹ́ ká dúró de ọkọ̀ tó tóbi," Ìyá Ìbejì wí.

"Ta ló bi ọ́? Màmá ni àgbà. Àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wọlé, ká tó wá mọ bí àwa yòókù ṣe máa há ara wa mọ́ ọn," ọkọ rẹ̀ wí.

Ọkọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn iwájú, ó gbé ìyá rẹ̀ jókòó bí ẹni gbé ẹyin, ó wá lọ ń ti àpò bọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ibẹ̀ ló wà tí ọlọ́pàá fi fọn fèrè pé takisí kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Awakọ̀ ti gba ìwé tí Ìyá Ìbejì kọ àdírẹ́sì sí. Ó wo ìwé, ó wo ọlọ́pàá, ó tẹná. Màmá bá a lọ, àpò kù nílẹ̀.

"Wọ́n ti jí ìyá mi gbé," ni ọkọ rẹ̀ ń tẹnu mọ́ nínú takisí kejì. Òun ló jókòó síwájú. Ó fi ilé ìwòsàn ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré han awakọ̀ lórí máàpù fóònù rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni.

"Bàbá Ìbejì, ibẹ̀ kọ́. Ti ẹ̀bá odò ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà ilé ìwòsàn. Òun ni mo kọ fún awakọ̀ Màmá."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n kọ lẹ́tà sí?"

"Èmi ni mo kà á."

"O fi oṣù mẹ́fà kọ́ èdè wọn lórí fóònù, o wá di ọmọ onílẹ̀. Jókòó jẹ́ẹ́."

Ó jókòó jẹ́ẹ́. Afárá kan kọjá, òmíràn kọjá, odò sì ń jìnnà sí wọn. Ó fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbà níṣojú ọmọ.

Màmá kò sí níbi tí wọ́n dé. Ọkọ rẹ̀ di ilẹ̀kùn awakọ̀ mú.

"Ọ̀rẹ́ rẹ dà? Ibo ló gbé ìyá mi lọ?" Yorùbá ló ń sọ sí i, ohùn rẹ̀ sì ń ga sí i, bí ẹni pé ariwo ni yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì kó àwọn ọmọ, ó wọlé lọ bá akọ̀wé. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Akọ̀wé gbọ́ ọ títí, ó pe ti ẹ̀bá odò lórí fóònù.

"Ìyá àgbàlagbà mẹ́ta tí wọn ò gbọ́ èdè wa ló jókòó síbẹ̀. Èwo ni tiyín?"

"Màmá."

Akọ̀wé sọ bẹ́ẹ̀ sínú fóònù, ó tẹ́tí, ó mí kanlẹ̀. "Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáhùn. Orúkọ wọn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ. Dókítà ti fẹ́ pe ẹlòmíràn."

Ìwé ìrìnnà Màmá àti lẹ́tà ilé ìwòsàn wà nínú àpò tó so mọ́ ìdí lábẹ́ aṣọ, kò sì ní jẹ́ kí àjòjì kankan tọwọ́ bọ ibẹ̀. Ìyá Ìbejì rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sí bàbá wọn pé kó wá dárúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ náà sáré padà.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ dúró ná, àwọn ń bá ọ̀daràn sọ̀rọ̀."

Ọdún méjìlá ló ti wà nílé ọkọ, orúkọ náà kò sì tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Obìnrin kan wà ládùúgbò wọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ajórúkọ-Màmá ló ń pè é. Ó wo ìta láti ojú gíláàsì. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń na ìka sí awakọ̀. Ìbínú tó ti wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀ wá balẹ̀ sójú kan, ó sì le koko.

"Ẹ gbé fóònù fún mi. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí fóònù tiwọn máa dún síta."

Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán náà lójú gbogbo èrò. Ó pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ó fi oríkì tì í lẹ́yìn, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ kádìí rẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohùn kan dáhùn nínú fóònù.

"Ta ló ń pè mí bí ẹni ń pe ọmọ tó rán níṣẹ́?"

"Èmi ni, Màmá. Ìyàwó yín. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú sí ọ. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti pe gbogbo rẹ̀ pọ̀ báyìí. Ọmọ mi ń kọ́?"

"Wọ́n wà níta. Wọ́n ń bá awakọ̀ jà."

"Awakọ̀ tó gbé mi wá ló fà mí lọ́wọ́ débi àga. Sọ fún ọmọ mi pé òun ni mo máa bá jà, kó jẹ́ kójú mi là ná."

Nọ́ọ̀sì gba fóònù. Ó ní wọ́n ti ń kán oògùn sí Màmá lójú; kí ẹbí kan tètè wá fọwọ́ sí ìwé.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì jáde, ọkọ rẹ̀ yíjú sí i. "Ṣé o rí ọkùnrin yìí—"

"Màmá wà lẹ́bàá odò."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Àwọn fúnra wọn. Mo pe orúkọ wọn."

"O pe kí ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ìyá Ìbejì fi èdè awakọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sọ àdírẹ́sì fún un. Ọkùnrin náà mi orí pé òun gbọ́, ó wọ ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn iwájú, ó bá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ lọ bá àwọn ọmọ lẹ́yìn."

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Nínú ọkọ̀, àwọn ìbejì ti sún mọ́ra, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò.