Búrẹ́dì Ẹni Tí Kò Tíì Dé

Ọdún mọ́kànlá ni Sarbinaz, awalẹ̀pìtàn, fi wá àṣẹ láti gbẹ́ yàrá kan ṣoṣo nínú ahoro ìlú olódi tó wà ní aṣálẹ̀ Karakalpak. Ó ń kọ̀wé, wọ́n ń dá a padà. Ọ̀gá mẹ́ta fẹ̀yìn tì kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ìwé mìíràn ló ń kọ. Nígbà tí àṣẹ dé, òun àti Qizlarxan, ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń se oúnjẹ fún un, fi ogójì ọjọ́ kó iyanrìn. Ní ọjọ́ tí wọn yóò kúrò níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ba búrẹ́dì kan nínú ihò ara ògiri, ó rí ribiti, iná tó jo ìlú náà ní ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn ti sọ ọ́ di èédú. Nínú gbogbo ilẹ̀ tó ti gbẹ́, kò rí irú rẹ̀ rí.

Ó fi òwú wé e, ó gbé e sínú àpótí, àwọn méjèèjì sì mú ọ̀nà ẹnubodè pọ̀n, níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Àlàpà dúró lọ́tùn-ún lósì wọn, láìsí afẹ́fẹ́, láìsí ẹyẹ.

"Ìyá, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn wa?"

"Orúnkún mi ni. Ó ń bú ẹ."

Kì í ṣe orúnkún. Ìró àtẹ́lẹwọ́ ni, tó ń ra ara ògiri, tó ń ti inú ihò kan bọ́ sí òmíràn, bí ẹni tó ń wá ohun tí wọ́n fi pamọ́ dè é. Wọ́n dúró; òun kò dúró. Ilé dé ilé ló ń bọ̀.

Qizlarxan fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀. "Ṣí àpótí yẹn kí n rí i."

"Afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ kàn án, Ìyá."

"Mo ti ń ṣe búrẹ́dì kí wọ́n tó bí ẹ. Ṣí i, ìyàwó."

Ó ṣí i. Ìyá arúgbó náà kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn nàka sí etí rẹ̀, níbi tí ibì kan ti fẹ́ kù bí oṣù tuntun.

"Kí lo kọ sínú ìwé pé ó jẹ ẹ́?"

"Eku."

"Eku tó ní eyín èèyàn. O káre, ọ̀jọ̀gbọ́n."

Sarbinaz pa àpótí náà dé. Lẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀, búrẹ́dì kan wà lára ìṣó. Polat ọmọ rẹ̀ gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀ tó lọ ṣiṣẹ́ bíríkì nílẹ̀ òtútù, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe: ẹni tó ń rìnrìn àjò á gé e jẹ, ìyókù á máa dúró dè é títí yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Ẹnikẹ́ni kì í ká a kúrò. Ọdún kẹrin rèé. Láti ìgbà òtútù tó kọjá, fóònù Polat kò wọlé mọ́. Àràárọ̀ ni Sarbinaz ń nu eruku ara búrẹ́dì náà. Ó mọ ojú eyín lára búrẹ́dì inú ihò náà nígbà tó rí i. Ó kọ eku, nítorí bí ó bá kọ òótọ́, kò ní lè gbé e kúrò níbẹ̀.

"Tí ẹnì kan bá já ti Polat gbé lọ lónìí ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ò sọ nǹkan kan. Orúnkún ló ń sọ̀rọ̀."

Ọwọ́ náà dé ara ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Eruku dà sílẹ̀ láti inú ihò kan, ní déédéé èjìká ọ̀dọ́mọkùnrin. Lẹ́yìn náà, ohun gbogbo dákẹ́, bí ẹni tó na ọwọ́ tó ń dúró.

Sarbinaz yí padà sí yàrá tí wọ́n gbẹ́. Ó dá búrẹ́dì náà padà sínú ihò rẹ̀, ó kọ ojú eyín síta bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe, àwọn méjèèjì sì ń da iyanrìn padà sínú yàrá náà títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ síbi ọkọ̀, ìró ẹsẹ̀ tiwọn nìkan ni wọ́n gbọ́.

Sarbinaz jẹ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní gbèsè ìròyìn òtítọ́ ní ọjọ́ Ajé, bí wọ́n tilẹ̀ máa gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ méjì, Polat àti ẹni tó ni búrẹ́dì inú ihò, sì jẹ ìyá wọn ní gbèsè àbọ̀.