Omi Gbígbóná fún Ládiípọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni Ládiípọ̀ fi ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ mi. Wọ́n bí i ní obìnrin, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló mọ ara rẹ̀ sí láti kékeré. Èmi olólùfẹ́ rẹ̀ tí mo ti ń bá a gbé láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èmi tí mo bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Poland, tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi gé ọmú rẹ̀ kúrò, n kò tíì rí àyà rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì rí i, èmi kò rí i. Ẹ má dá mi lóhùn, inú ló ń bí mi.

Ìyá rẹ̀ ń gbé ní Lucan, nílùú òyìnbó tí a wà níbí, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ì bá wọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Kò yọjú. Ó kọ ọ́ sórí fóònù pé, "Ọlọ́run á wò ó sàn," ó tán síbẹ̀. Nílé wa, bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ni í wá fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lára. Ìdajì agboolé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi tẹ̀. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fún táwẹ́ẹ̀lì kí n tó mọ ABD. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé bí ìyá kò bá wá, èmi á ṣe é.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ra òrí lọ́jà Moore Street, mo délé, mo gbé omi kaná.

"Ládi, bọ́ ẹ̀wù ẹ, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́."

"Ah Tòún, please."

"Ìwọ náà please! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ṣé mo ti wá di àlejò nínú ilé yìí ni?"

Ó jókòó pẹ́ kí ó tó bọ́ síngílẹ́ẹ̀tì tó fún un pinpin tí wọ́n ní kó máa wọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àpá méjì ló gba abẹ́ apá wá sí àárín àyà. Ó rẹwà, mo sì sọ fún un. Ògiri ló ń wò.

Ìwé ìtọ́jú tí wọ́n fún wa wà lára fíríìjì, ojú ewé mẹ́rin. Ọ̀kan ni mo kà. Abéèrè kì í ṣìnà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní omi gbígbóná?

Mo ri táwẹ́ẹ̀lì bọ omi, mo fún un, ọwọ́ èmi fúnra mi ń ta mí. Mo fi tẹ àyà rẹ̀. Àwọn tí ìyá mi ń tẹ̀ máa ń ké "Yéè!" ná kí ara tó tù wọ́n. Ládiípọ̀ kò ké.

"Ṣé kò gbóná jù?"

"It's grand, ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó tù ẹ́?"

"Ó tù mí. Don't stop."

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo fọwọ́ pa àpá náà, mo fẹnu kò ó. Ó mí kanlẹ̀ bó ṣe máa ń mí tẹ́lẹ̀ tí a bá wà papọ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ mi. Mo ní olólùfẹ́ mi ti padà dé.

Ìgbà tí mo ṣí òrí ni mo rí i pé ara náà ti pọ́n, ó ti léròrò níbi méjì.

"Kí ló dé tí o kò pariwo?"

Ó wo àyà rẹ̀ bí ẹni wo ara ẹlòmíràn.

Dókítà tó tọ́jú egbò náà ní ọsibítù ló dáhùn. Ó ní iṣan tí ń mú ara mọ nǹkan ti gé nígbà iṣẹ́ abẹ, ó lè padà lẹ́yìn ọdún kan, ó sì lè má padà láé. Ó ní ó yẹ kó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa. Ojú ewé kẹta ni. Ojú tì mí.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì padà.

"Ṣùgbọ́n o mí kanlẹ̀," mo ní. "O ní kí n má dúró."

"I was watching your hand, Tòún. Tí mo bá ti rí i pé ó ti dé ibẹ̀, I breathe." Ó yíjú sí fèrèsé. "Mi ò fẹ́ kí inú ẹ bàjẹ́."

Egbò náà ti jinná báyìí. Kò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi mọ́. Kí n tó fọwọ́ kàn án láyà, mo máa ń wí fún un pé, "Ládi, ọwọ́ mi rèé o," òun á sì ní, "Okay." Kò parọ́ fún mi mọ́. Kò sì mí kanlẹ̀ mọ́.