Ìpín Dísìkì Méjì

Àwòrán ilẹ̀ náà tún dúró gbagidi lójú kọ̀ǹpútà. Ìdajì jáde, ìdajì kò jáde. Kafilat gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, inú ń bí i.

Tí wọ́n bá kírun Aláàsárì tán, ẹbí máa pàdé ní pálọ̀ wọn ní Egan. Àwọn kan fẹ́ ta ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Wọ́n ní ibojì bàbá àgbà kò sí níbẹ̀. Ìwé àwòrán ilẹ̀ mọ́kànlá tí sọ̀fẹ́yọ̀, ìyẹn awọnlẹ̀, yà láyé àtijọ́ nìkan ló lè já wọn nírọ́, Kafilat sì ti ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ lórí ẹ̀rọ láti àárọ̀.

Mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà kéré. Tó bá ti kún, ẹ̀rọ a kó ẹrù tó kù sí àyè kan lórí dísìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní súwápù. Dísìkì méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tuntun, ọ̀kan ti gbó. Ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ogún nílé wọn: ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ìpín kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni Kafilat ṣe pín súwápù. Àyè gígà mẹ́rin síhìn-ín, mẹ́rin sọ́hùn-ún, ipò kan náà, kí ẹnikẹ́ni má rojọ́. Àfi bíi pé dísìkì máa ń rojọ́!

Bàbá rẹ̀, Alhaji Ṣàíbù, olórí ẹbí, tẹ ọ̀pá wọlé.

"Kò tíì jáde ni?"

"Rárá, Bàámi. Mo pín ẹrù fún méjèèjì dọ́gba ni. Tuntun ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ń dúró de èyí tó ti gbó."

"O wá gbé ẹrù kan náà lé ọmọdé àti arúgbó lórí? Ọ̀la ni wọ́n máa débẹ̀ nìyẹn, jàre."

Ẹ̀rín pa Kafilat. Òótọ́ ni, ìka ò dọ́gba. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ó fún dísìkì tuntun ní gígà mẹ́jọ, ó fi í ṣáájú. Ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún àgbà, ó ní kí ẹ̀rọ má yà síbẹ̀ àfi tí ti iwájú bá kún. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àwọn ìwé náà pọ̀. Kò pẹ́ rárá, àwòrán jáde látòkè délẹ̀. Ibojì bàbá àgbà rèé, nínú ààlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìyeyè.

Kafilat pariwo ayọ̀. Alhaji tẹjú mọ́ àwòrán náà títí.

"Igi ìyeyè," ó ní. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn ni mo ti ń sọ fún wọn pé ó wà."

Ó jókòó.

"Ìwọ ni kó o bá wọn sọ̀rọ̀ lónìí. Màá wà lẹ́yìn rẹ. Tí nǹkan bá rú ọ lójú, kó o bi mí."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀, Bàámi."

"Mo mọ̀."

Ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tà á. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ tó fà sẹ́yìn fún un ni Kafilat ń wò, ó sì ń ṣe é bíi kí àwòrán náà má tíì jáde.