Kọ́bọ̀ Kan Lórí Abẹ́rẹ́

"Ẹ má mí o, Bàbá. Èémí yín wúwo ju ohun tí mò ń wọ̀n lọ."

Horatio pa ẹnu dé. Bashiru, tó ń tún rédíò ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ń yí ìdí apá giramafóònù díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tuntun náà sinmi lórí ìwọ̀n kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ.

"Gíráàmù méjì. Kò gbọdọ̀ lé. Èló ni Àǹtí Angela tiẹ̀ ra orí abẹ́rẹ́ yìí?"

"Owó tó lè tún òrùlé ilé yìí kàn."

"Háà! Ó dáa, bí òjò bá dé, orin la ó fi borí."

Horatio kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mì. Nítorí rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni Angela, ọmọ rẹ̀, ṣe fi abẹ́rẹ́ náà ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Henrietta, ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé, ló dá kọ ẹsẹ mẹ́ta nínú rẹ̀, nígbà tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí òmíràn. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ sì ti ń fá ohùn náà jẹ.

Ìrun Aláásárì tó. Bashiru sọ̀kalẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá.

"Ẹ dúró dè mí o."

Horatio kò dúró. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé rẹ́kọ́ọ̀dù. Henrietta kọ ẹsẹ kìíní já, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, bí ẹni pé ó wà nínú yàrá. Horatio dìde láti ti fèrèsé, kí ariwo ìta má bàa dí i lọ́wọ́. Pákó ilẹ̀ mì. Abẹ́rẹ́ fò.

Nínú àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì onípákó ní Lafiaji, bíi ti Horatio yìí, bí abẹ́rẹ́ bá ń fò, kọ́bọ̀ kan ni wọ́n ń gbé lé e lórí. Ogójì ọdún ni Horatio fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kí orí rẹ̀ tó rántí, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é. Ohùn náà dákẹ́.

Nígbà tí Bashiru padà dé, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀pá abẹ́rẹ́ náà, tó tín-ínrín bí irun, ti tẹ̀.

"Bàbá, kọ́bọ̀?"

"Kọ́bọ̀ ni."

"Kọ́bọ̀ tí kò ra gúgúrú mọ́ ló wó òrùlé odidi ilé!"

"Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Ó di òkè òkun. Oṣù mẹ́fà, ó kéré tán." Bashiru rí i tí ojú rẹ̀ lọ síbi abẹ́rẹ́ àtijọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn gbọ́ ọ. Ẹ ó kàn fá Màmá dànù ni."

"Mo mọ̀."

Horatio nu rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ó tì í bọ inú páálí rẹ̀. Ó fi kọ́bọ̀ náà lé Bashiru lọ́wọ́.

Ẹsẹ méjì ló kù nínú orin náà.