Aago Méjì Ọ̀sán Ló Jalè

"Ìyá, ẹ̀gbẹ́ wo lẹ wà?" akọ̀wé tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé bírò lé ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìyá Aránṣọ ò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ wà. Nígbà tó wọ gbọ̀ngàn ìpàdé láàárọ̀ yẹn, fáànù kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, apá ọ̀tún ló sì wà. Ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Àṣé apá ọ̀tún ni ti àwọn tó fẹ́ kí òfin le, òsì ni ti àwọn tí kò fẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń tú sílẹ̀ kí ọdún ẹ̀wọ̀n wọn tó pé ló kó ìlú jọ. Ṣé kí wọ́n máa bọ̀ wálé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, àbí kí wọ́n fi òfin dì wọ́n gírígírí bí ẹrù orí ọkọ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kan ìyá yìí dé eegun. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin fi àdá ja ṣọ́ọ̀bù aláṣọ lólè, wọ́n dá ọdún mẹ́tàlá fún un, ó sì ti lo mẹ́sàn-án. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ tú u sílẹ̀, ilé ìyá rẹ̀ ni yóò sì máa gbé. Ìyá Aránṣọ ti kun yàrá. Ó ti rán ṣòkòtò mẹ́ta sílẹ̀ dè é. Bí òfin tuntun bá wọlé, ó lè dí ọ̀nà ilé mọ́ ọmọ náà. Ẹ̀bẹ̀ ló bá wá.

"Ẹ kọ ọ́ pé abẹ́ fáànù ni mo wà," ó dá akọ̀wé lóhùn.

Akọ̀wé kọ "ọ̀tún". Bí ìyá ẹlẹ́wọ̀n ṣe di agbẹnusọ kejì fún àwọn tó fẹ́ òfin líle nìyẹn.

Ọ̀gá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́, síbẹ̀ rúlà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀kínní," ó ní, "kí wọ́n máa wọlé láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kejì, kí wọ́n má fẹnu kan ọtí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹrin, ọ̀rẹ́kọ́rẹ̀ẹ́, rárá."

Apá ọ̀tún pàtẹ́wọ́. Ìyá Aránṣọ náà pàtẹ́wọ́. Ọmọlúàbí kì í wo ẹni tó sọ̀rọ̀ tán ní ìwòkuwò.

"Ó kàn yín, ìyá," alága ní.

Ó dìde. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti fi ọjọ́ mẹ́rin tò sẹ́nu ti fò lọ.

"Ọ̀gá Tíṣà, ẹ ṣeun. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ tèmi. Kí aago mẹ́fà tó lù, ó ti wọlé. Kò mutí. Ní ti ọ̀rẹ́, mo lé gbogbo wọn, mo tiẹ̀ lé ọmọ pásítọ̀ mọ́ wọn."

"Ẹ ò rí nǹkan," Ọ̀gá Tíṣà ní, ó ń fi rúlà lu àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Ibo lọmọ náà wà báyìí?"

"Ó wà lẹ́wọ̀n."

Rúlà dúró lójú kan.

"Aago méjì ọ̀sán ló jalè," ìyá ní. "Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà, ó ti wà nílé, ó ń bá mi ká òwú. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó tètè dé."

Ẹ̀rín bú lápá òsì, ó ràn dé ọ̀tún. Alága ń lu tábìlì, bẹ́ẹ̀ òun náà ń nu ojú.

"Ìyá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa," ọmọbìnrin kan pè é láti apá òsì.

"Ṣé fáànù wà níbẹ̀?"

"Kò sí, mà."

"Ẹ jẹ́ n ṣì dúró ná."

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ẹnì kan ti wá nawọ́. Baba Ẹ̀ṣọ́ ni, òun ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ Ìyá Aránṣọ jà lólè. Àdá ọmọ náà ló gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ilé mẹ́fà péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti ìyá. Láti ọdún mẹ́sàn-án, bí ẹni ń fẹ́ iná tí kò fẹ́ kó ràn ni wọ́n ń kíra wọn.

"Mi ò bá ti aago wá," Baba Ẹ̀ṣọ́ ní. "Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́. Mi ò ní kí wọ́n má tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀, kí n yà ní kọ̀rọ̀, kí n ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣeni léṣe, kó má gbé ládùúgbò ẹni tó ṣe léṣe. Ìyẹn nìkan."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Alága wúkọ́.

"Ẹni tó bá fara mọ́ èyí, kó nawọ́."

Gbogbo ojú yí sí ìyá. Ọ̀gá Tíṣà alára ò tètè nawọ́. Ó ń wo rúlà rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ìyá Aránṣọ ń rò ó. Ọ̀dà yàrá yẹn ò tíì gbẹ dáadáa.

"Alága, ẹnu ọ̀nà ta ni wọ́n á ti wọ̀n ọ́n? Tèmi ni, àbí ti Baba?"

"Ti Baba, mà."

"Báwo ló ṣe máa jìnnà tó?"

Alága wo akọ̀wé, akọ̀wé wo ìwé. "A ò tíì rò ó débẹ̀."

"Ẹ kọ máìlì méjì. Ilé àbúrò mi obìnrin tó mẹ́ta, mo ti fẹsẹ̀ rìn ín. Ó ní yàrá ẹ̀yìn." Ó nawọ́ sókè. "Ti aago yẹn, mi ò sí níbẹ̀ o."

Nígbà tí wọ́n tú ká, Baba Ẹ̀ṣọ́ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà máa bá a lọ ni?"

"Ta ló fẹ́ máa ṣọ́ ọ? Tíṣà?"

Baba Ẹ̀ṣọ́ bá a rìn lọ. "Ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ńkọ́? Ẹ ò lè dá a gbé."

"Ẹ̀yin náà ò lè gbé e, pẹ̀lú ọwọ́ yín yẹn."

Baba Ẹ̀ṣọ́ wo ìka mẹ́ta tó kù, ó ṣí wọn, ó pa wọ́n dé.

"Ẹ gbé orí rẹ̀," ó ní. "Mà á gbé ìdí. Ìdí ló wúwo."